Obìnrin Tó Ń Retí Púlọ́ḿbà

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹta

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ilé ìwé fíìmù wa. Fíìmù àṣekágbá kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé. Orúkọ mi nìkan ni wọ́n fa ìlà pupa sí lábẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èmi ni mo kùnà lọ́dún tó kọjá. Ẹni tó fìdí mi jánlẹ̀ nígbà yẹn náà ló máa jókòó bí adájọ́ lọ́dún yìí: Ọ̀gá Fèrèsé.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí fíìmù tó ṣe lógún ọdún sẹ́yìn, tí kò sì jẹ́ ká sinmi láti ìgbà náà. Obìnrin kan jókòó lójú fèrèsé, ó ń retí ọmọ rẹ̀ tó lọ sójú ogun. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Obìnrin náà ò sọ̀rọ̀, kò sín, kò tilẹ̀ họra. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó wa jọ láti wò ó, tó bá sì parí, a gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí ọ̀gá fi áńkáṣíìfù nujú tán. Lọ́dún kìíní mi, ẹ̀rín bú lẹ́nu mi ní ìṣẹ́jú kẹjọ. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ṣe dáadáa lójú rẹ̀ mọ́. Ohun tó kọ sórí fíìmù mi lọ́dún tó kọjá ni pé: "Kò ní ọkàn." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, fún iṣẹ́ oṣù mẹ́rin.

Ó dáa. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo máa sín in jẹ. Obìnrin kan á jókòó lójú fèrèsé, ojú á fà ro, gbogbo nǹkan á dákẹ́ rọ́rọ́, á máa retí púlọ́ḿbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kẹta

Ojú àti Etí ti gbà. Ojú ló máa ń di kámẹ́rà mú ní kíláàsì wa, Etí ló máa ń gba ohùn. Wọ́n ti parí fíìmù tiwọn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi, Ọ̀gá Fèrèsé ni wọn ò fẹ́ràn, ìyẹn náà sì tó mi.

Bí ìtàn ṣe lọ nìyí. Ẹ̀rọ omi obìnrin kan ń jò. Púlọ́ḿbà sọ lórí fóònù pé, "Mò ń bọ̀ nísinsìnyí." Obìnrin náà jókòó lójú fèrèsé. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hewú, ó hewú tán. Ọjọ́ tó ti gbó kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ ni púlọ́ḿbà dé, ó yọjú sí síńkì, ó ní òun gbàgbé sípánà, ó padà. Ó parí. Etí rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

Ẹni tó máa ṣe obìnrin náà ni kò sí. Àwọn òṣèré ilé ìwé wa, ọmọ ogún ọdún ni gbogbo wọn, wọn ò mọ bí ènìyàn ṣe ń retí nǹkan. Mo mọ obìnrin kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ lè ṣe é, ilé rẹ̀ sì ní fèrèsé tó kọjú sí títì. Mi ò fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹta

Mo lọ bẹ Màámi.

Wọ́n wà ní yàrá iwájú níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ, wọ́n ń gé aṣọ oníbàárà. Wọn ò gbójú sókè láti ìgbà tí mo wọlé títí mo fi sọ ti ẹnu mi tán.

"Ẹ ẹ̀ ní ṣe nǹkan kan, Màámi. Ẹ kàn máa jókòó ni."

"Ta ló máa bá mi ránṣọ tí mo bá jókòó?"

"Ọjọ́ kan péré ni."

"Bí o ṣe sọ náà nìyẹn nígbà tí o fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. 'Màámi, ẹ fún mi lọ́jọ́ kan kí n ronú.' Ọjọ́ yẹn ti pé ọdún mẹ́rin báyìí."

Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé ni mo wá bẹ̀. Wọ́n gé aṣọ náà dópin kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn á jókòó, àmọ́ bí ilé ìwé bá lé mi padà, mo máa wá jókòó sídìí máṣíìnì kejì. Máṣíìnì yẹn ti wà lábẹ́ aṣọ láti ìgbà tí obìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti lọ. "Ojú mi ò gbé e mọ́," ni wọ́n sọ. "Mo nílò ẹnìkan, ìwọ sì lẹni náà tó o bá kùnà."

Mo ní mo gbà, kíákíá, bí ẹni pé wọ́n ní kí n mu omi. Inú bọ́ọ̀sì ni orí mi ti wálé. Obìnrin kan ṣoṣo tó máa bá mi ṣe fíìmù yìí ló máa jèrè tí fíìmù náà bá bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ míràn tún wà ńbẹ̀. Onílé máa kun ilé. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, tapólì máa bo gbogbo iwájú ilé títí oṣù á fi parí. Torí náà ọjọ́ Sátidé nìkan la ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù kẹta

Òjò. Màámi pè láti sọ pé ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ń jò lóòótọ́. Wọ́n ní èpè fíìmù mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kẹta

Ọmọkùnrin tó fẹ́ ṣe púlọ́ḿbà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ọ̀fun ń dun òun, òun ò lè wá mọ́. Lánàá mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwé, ó ń kọrin. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀fun náà dùn ún lóòótọ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ Màámi láti wọn fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo wà tí púlọ́ḿbà gidi fi dé. Ọkùnrin náà kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ dání, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní, "Níbo ló ti ń jò?" Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní kó fi omi náà sílẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ mi jẹ́ẹ́ títí mo fi dé ibi sípánà, ni ojú rẹ̀ bá yí padà.

"Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò gbàgbé sípánà rí."

"Eré ni, bàbá."

"Àwọn oníbàárà mi ò ní mọ̀ pé eré ni."

Màámi wà lẹ́yìn mi, wọ́n ti ká ọwọ́ gbera. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe omi mi kí ẹ tó di òṣèré."

"Rárá o!" ni mo ké. Jíjò omi náà wúlò fún mi nínú àwòrán. "Tá a bá ya fíìmù tán lọ́jọ́ Sátidé, bàbá á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà."

Màámi lọ gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ náà. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ o," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù kẹta

Mo ti gba kámẹ́rà. Olùtọ́jú ẹ̀rọ ilé ìwé wa máa ń ṣe bí ẹni pé inú ikùn rẹ̀ ló ti bí gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá yẹn. Ó ní kí n fọwọ́ síwèé níbi mẹ́ta, ó sì fún mi ní èyí tó gbó jù. Gíláàsì àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kú, ihò kékeré ẹ̀yìn la máa ń fi ojú kan wò, gíláàsì ihò náà sì ti sán ní igun òkè, níbi tí àmì pé ó ń gbà á sílẹ̀ máa ń wà. Bọ́tìnnì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀. Tún un tẹ̀, ó dúró. Iná pupa kékeré kan máa ń tàn níwájú tó bá ń ṣiṣẹ́.

Mo ra páúdà agolo méjì fún ewú Màámi. Páúdà ti gbówó lórí bí oògùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹta

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Oòrùn dára láti àárọ̀. A ya àkọ́kọ́, mo yọjú wo inú ihò náà, mo rí iná pupa nínú gíláàsì fèrèsé, ó ń wò mí bí ojú ológbò. Mo ní kí Ojú fi téèpù dúdú bò ó.

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ń gbà á sílẹ̀?"

"Ṣé ìka rẹ kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ ni? Ka iye ìgbà tí o tẹ̀ ẹ́. Àbí o ò lè ka ení èjì?"

Ó fajú ro, ó bò ó. Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ tó ju "Ó yá" àti "Ó tó" lọ. Kí n tó mí, Etí bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ó ní ẹ̀kán omi ń bọ́ sínú abọ́, òun ń gbọ́ ọ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. A wé aṣọ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní òun ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ní kó yọ etí rẹ̀ sílẹ̀.

Ọwọ́ Màámi ni wàhálà gan-an wà. Wọn ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo bá ti pariwo pé "Ó yá!" wọ́n á nu imú, wọ́n á tún kọ́là ṣe, wọ́n á yẹjú wo ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà kan wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá jáde lọ wo ìtànṣán oòrùn, tí mo bá padà, mo máa ń bá wọn lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ kí oòrùn wọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ti ń rí mi nídìí máṣíìnì kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sán, tí páúdà ti bo gbogbo orí wọn, wọ́n tún mira láàárín ibi tó dára jù. Mo ké pé "Ó tó!", mo sì tú ẹnu mi sílẹ̀. Mo ní, "Màámi! Kábọ́ọ̀dù pàápàá mọ̀ ọ́n jókòó jù yín lọ!"

Ojú ń wo bàtà rẹ̀. Màámi fi ìka nu páúdà kúrò ní ìpéǹpéjú.

"Ṣé o ti ṣe tán?"

"Ó kù díẹ̀."

Púlọ́ḿbà nìkan ló mọ iṣẹ́ ṣe lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré la yà á. Ó wọlé, ó wo síńkì bí dókítà tó ń wo aláìsàn, ó mi orí, ó sì sọ pé: "Ọmọ iṣẹ́ mi ló gbàgbé sípánà." Ó kọ̀ jálẹ̀ láti sọ pé òun ni. Ó dùn ju ohun tí mo kọ lọ, n ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ṣe tán, wọ́n pè é pé páìpù bẹ́ nílé kan. Ó gbé báàgì, ó sá lọ. Omi Màámi ṣì ń jò.

Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la yà lónìí. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin mẹ́rin lórí ìdúró. Ọ̀gá Fèrèsé, ó ti bá ẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹta

Kò sí nǹkan kan lórí káàdì kámẹ́rà náà.

Ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ kan náà

Nǹkan wà níbẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí àkọ́kọ́, èyí tí iná pupa bà jẹ́, gbogbo àwòrán yòókù ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn mi tó ń ké pé "Ó tó!" tó sì parí pẹ̀lú ohùn mi tó ń ké pé "Ó yá!" Ìgbà tí Ojú ń lẹ téèpù mọ́ iná, ìka rẹ̀ kan bọ́tìnnì. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí iná, ibi àmì inú ihò sì ni gíláàsì ti sán. Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí a rò pé a tan án la pa á, gbogbo ìgbà tí a rò pé a pa á la tan án. Odidi ọjọ́ kan ló yí padà sóde bí ìbọ̀sẹ̀. Púlọ́ḿbà ń nu òógùn. Ojú ń jẹ bísíkíìtì. Màámi jókòó. Èmi ń pariwo. Etí gba gbogbo ohùn eré náà dáadáa sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, àwòrán tó bá a lọ ni kò sí.

Mo pe Ojú. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ àtàwọn tí mi ò mọ̀ pé mo mọ̀. Ó dúró títí mo fi mí.

"Ta ló ní kí n bo iná yẹn?" ló béèrè.

Mo pa fóònù mọ́ ọn lójú. Mo sunkún, mo tún bínú nítorí pé mo sunkún.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kẹta

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti gbé kámẹ́rà dé iwájú ilé Màámi, bóyá n ó lè jí wákàtí kan yà. Àwọn tó ń kun ilé ti dé ṣáájú mi. Mo bẹ ọ̀gá wọn.

"Ṣé ìwọ lo nilé?"

"Rárá, sà. Wákàtí kan péré."

"Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí irin má baà jábọ́ lù ọ́."

Wọ́n fi tapólì aláwọ̀ búlúù bo fèrèsé lójú mi. Nínú yàrá, gbogbo nǹkan di búlúù: aṣọ, ògiri, ojú Màámi. Wọ́n tan iná, wọ́n ń ránṣọ lọ. Wọ́n ní, "Ṣé ó tún kù díẹ̀ ni?" Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn.

Mo dá kámẹ́rà padà. Olùtọ́jú ẹ̀rọ rí téèpù dúdú lórí iná, ó fi èékánná ha á kúrò díẹ̀díẹ̀, ó kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tó ń ba nǹkan jẹ́.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹta

Mo sọ fún Màámi pé fíìmù ti bàjẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n ká aṣọ kúrò lórí máṣíìnì kejì, wọ́n gbé agolo òróró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á sí i, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, níbi gbogbo tó yẹ.

Mo jáde láìdágbére. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹta

Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi. Ẹ̀rí ni mo lọ wá lórí káàdì náà lónìí. Mo fẹ́ rí Màámi níbi tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ mi ṣòfò, kí n lè gbé e síwájú wọn, kí n sọ pé ẹ wò ó, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, mi ò jókòó sídìí máṣíìnì kankan.

Mo rí ibi tí oníbàárà yẹn ti dé. Èmi wà níta nígbà náà. Máìkì kékeré ara kámẹ́rà gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Aṣọ mi dà?"

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé òní."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí lónìí. Ẹ máa lọ."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pariwo gan-an, ó ní láti jẹ́ iṣẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé e. Lẹ́yìn ti ẹ̀kẹta, Màámi padà sórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ lé itan, wọ́n sì dúró gbagidi. Wọ́n ń ka nǹkan lábẹ́lẹ̀, mo rí ètè wọn. Wọ́n kà dé ọgọ́rin, wọ́n mí, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó láìmira. Ẹ̀yìn ìyẹn gan-an ni mo wọlé, tí a tún yà á, tí mo sì pè wọ́n ní kábọ́ọ̀dù. Ó wà níbẹ̀, ohùn mi ni, kò ṣeé sẹ́.

Ibì kan tún wà tí púlọ́ḿbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kó yege ni?"

"Ojú mi ti ń lọ. Mo nílò ẹni tó máa jókòó sídìí máṣíìnì yẹn."

"Ẹ ò fẹ́ kó yege nìyẹn."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi? Mo gbàdúrà fún un láàárọ̀ yìí, mo sì bínú sí ara mi lẹ́yìn àdúrà náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí aṣọ oníbàárà."

Mo pa kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀rí tí mo wá, mi ò rí i. Èyí tí mo rí, èmi fúnra mi ló dá lẹ́bi, ojú sì tì mí gidigidi.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹta

Mo ti wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Obìnrin kan jókòó lójú fèrèsé. Irun rẹ̀ dúdú, ó hewú díẹ̀, ó hewú tán. Ó ń retí ẹnìkan tí a kò rí, a kàn ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀." Mo kà á. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo sọ "Ó kù díẹ̀" lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ni púlọ́ḿbà náà.

Fíìmù tí mo fẹ́ ṣe wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ burú ju èyí tí mo kọ lọ. Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan ló yí padà. Mo lè kọ̀ kí n má lò ó, kí n kó ẹrù mi. Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Mo pe Ojú pé kó wá bá mi gé àwòrán. Ó ní àfi kí n tọrọ àforíjì kọ́kọ́. Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹlẹ́nu gígùn ni mí, òun ń bọ̀. Nígbà tó dé, mo tọrọ àforíjì náà, ṣùgbọ́n ògiri ni mo kọjú sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù kẹta

Mo gbé e lọ fi han Màámi kí n tó fi sílẹ̀. Wọ́n wọ awò ojú méjì léra, wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà títí imú wọn fi fẹ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín, àyàfi ibi tí òṣèré púlọ́ḿbà mi ti ń fi aṣọ oníbàárà nu òógùn.

"Kábọ́ọ̀dù dà?"

"Mo yọ ọ́, Màámi."

"Dá a padà."

"Màámi, gbogbo ilé ìwé ló máa gbọ́."

"Gbogbo ilé ìwé ló máa rí mi nínú páúdà bí adìyẹ tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Kí wọ́n gbọ́ ẹnu tìẹ náà."

Mo dá a padà níbẹ̀, lójú wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n béèrè, láìwò mí, bóyá kámẹ́rà gbọ́ ohun tí àwọn àti púlọ́ḿbà sọ. Mo ní ó gbọ́ ọ. Mo ní kò sí nínú fíìmù.

"Kó má sí níbẹ̀ o," ni wọ́n wí. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Wọ́n gbìyànjú láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó wọlé, mi ò sì mọ bí n ó ṣe na ọwọ́ láti gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹta

Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo fi sílẹ̀. Akọ̀wé ọ́fíìsì ní kí n dúró kóun parí tíì òun. Mo dúró.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kẹta

Wọ́n fi han gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn lónìí. Màámi wọ aṣọ tí wọ́n rán fúnra wọn, wọ́n jókòó ní ìlà kejì, wọn ò sì mira.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ ní "Ó kù díẹ̀" ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń bá mi sọ ọ́ pọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń lu àga. Kábọ́ọ̀dù dé. Ẹ̀rín náà gé, ẹnìkan ní "Háà!" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Lójú fíìmù, Màámi nu ìpéǹpéjú wọn, wọ́n béèrè bóyá mo ti ṣe tán.

Ọ̀gá Fèrèsé ò rẹ́rìn-ín rárá. Iná tàn, ó dìde.

"Ta ló ni ohùn yẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Báyìí lo ṣe máa ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀?"

Mo ronú irọ́ bíi mẹ́ta. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ibẹ̀ ni Màámi ti na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ọmọ yìí sọ fún mi pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni obìnrin tiyín jókòó nínú fíìmù. Ìgbà tí ẹ ń yà á ńkọ́? Báwo ló ṣe jókòó pẹ́ tó?"

Ọ̀gá Fèrèsé yí padà síhà ọ̀dọ̀ wọn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ló sọ.

"Ṣé ẹ kí i pé ó kú ìjókòó?"

Ó jókòó, ó kọ nǹkan sórí ìwé fún ìgbà pípẹ́.

Mo yege. Máàkì tó kéré jù tí wọ́n lè fi yege ló fún mi, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹyọ kan sí i. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ọkàn wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe tìẹ."

Mo kà á fún Màámi lẹ́nu géètì, mo retí pé wọ́n á bá mi bú u. Wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ," wọ́n sì gun bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹrin

Ojú fèrèsé Màámi ni mo ti ń kọ èyí.

Wọ́n ti tú tapólì kúrò. Mo wá láàárọ̀ láti sọ fún wọn pé mo ti gba ìwé ẹ̀rí. Mo bá máṣíìnì kejì lábẹ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n ti tún bò ó, wọ́n sì ká etí aṣọ náà wọ abẹ́ rẹ̀ yípo. Abọ́ ilé ìdáná ti kún dẹ́múdẹ́mú. Mo dà á nù, mo tún gbé e padà.

"Púlọ́ḿbà ní òun á dé láago mẹ́wàá," ni Màámi wí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Èmi ní iṣẹ́ oníbàárà. Ìwọ lo ní kó fi omi mi sílẹ̀." Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì tọ́ka sí àga ojú fèrèsé.

Mo jókòó. Aago mẹ́wàá lọ. Aago méjìlá lọ. Mo pe púlọ́ḿbà, ó ní, "Mò ń bọ̀ nísinsìnyí." Láàárín kan, Màámi na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi láti ẹ̀yìn. Mo fi òwú sí i, mo dá a padà. Wọ́n na òmíràn. Mo ti fi òwú sí mọ́kànlá báyìí, wọ́n wà ní ìlà lára tìmùtìmù abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n tó wọn lò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀yìn mi ń dùn mí. Ọrùn mi ti le. Mi ò mọ̀ pé àga yìí le tó báyìí. Mo yí ìdí padà díẹ̀, ni ìró máṣíìnì bá dákẹ́ lẹ́yìn mi.

"Má mira," ni Màámi wí.

"Màámi, ṣé ẹ rò pé ọkùnrin yìí máa dé rárá?"

Máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀."